Ìrántí Olóògbé: Ìyìn Ni Tàbí Òtítọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, 'Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè.' Ìbáwí ni òwe yìí jẹ́ fún àwa tí a wà láàyè: ẹni tí a kò kà sí nígbà ayé rẹ̀ ni a ń gbé gẹ̀gẹ̀ nígbà tí ó bá ti kọjá lọ tán. Ṣùgbọ́n bí a bá tú òwe náà wò dáadáa, a óò rí i pé ó ní ìkìlọ̀ mìíràn nínú. Ère kì í sọ̀rọ̀. Ère kì í ṣàṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ère kì í kábàámọ̀. Bí ẹni tí ó kú bá di ère lọ́wọ́ wa, kí ni ó kù nínú ènìyàn ẹlẹ́ran-ara tí a bá gbé, tí a bá jẹun, tí ó sì tọ́ wa dàgbà?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí a bá ń ṣe ìrántí olóògbé tí a fẹ́ràn, ṣé ìyìn ni a jẹ ẹ́ ní gbèsè, tàbí òtítọ́? Bí méjèèjì bá sì forí gbárí, èwo ni kí a dì mú? N kò gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ bí ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Inú ilé tiwa ni ó ti bá mi, lórí bàbá àgbà mi, ẹni tí mo fẹ́ràn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ láyé.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Bàbá. Apẹja ni ẹni tí ó bí i, etí ọ̀sà ni ó sì dàgbà sí. Ní 1961 ni ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun náà kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà, nítorí 1956 ni a dá a sílẹ̀. Adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lára orúkọ rẹ̀ títí di 1963 tí Nàìjíríà kúrò lábẹ́ Ọbabìnrin pátápátá. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n fi Bàbá sí. Nínú ikùn ọkọ̀, níbi tí ooru ti ń mú, tí ariwo kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ni ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 1986.

Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò jẹ́rìí pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti máa ń gbálẹ̀ àgbàlá, tí yóò sì ti ká ẹní rẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀gá ológun fẹ́ wá yẹ ibùsùn wò. Òun ni ó kọ́ gbogbo àwa ọmọ-ọmọ bí a ti ń ta okùn ní kókó tí kì í tú àfi bí a bá fẹ́ kí ó tú. Kì í na ọmọ. Bí ọmọ aládùúgbò kò bá rí owó ilé-ìwé san, ọ̀dọ̀ Bàbá ni ìyá rẹ̀ ń wá, owó ìfẹ̀yìntì tí kì í tètè dé ni ó sì fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Òfin kan ṣoṣo ni ó le nínú ilé rẹ̀: a kò gbọdọ̀ da oúnjẹ nù. Bí ọmọdé bá jẹun kù, Bàbá yóò fa àwo náà mọ́ra, yóò jẹ ẹ́ tán láìsọ̀rọ̀. A rò pé ìṣẹ́ ìgbà èwe ni ó kọ́ ọ ní ìwà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò yé wa. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún ni Nàìjíríà ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ tí ó kú, nítorí pé ọjọ́ náà ní 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Bàbá a máa múra, wọn a fi àmì ẹ̀yẹ sí àyà, wọn a sì wá pè é. Kò bá wọn lọ rí. Ààwẹ̀ ni ó ń gbà ní ọjọ́ náà. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, yóò gbé ìkòkò ìrẹsì àti ẹ̀wà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè síta, àwọn ọmọ àdúgbò yóò sì jẹ àjẹyó. Lẹ́yìn tí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá ti jẹ tán ni òun yóò tó fi nǹkan kan ẹnu. 'Sàráà Bàbá' ni a ń pè é. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í ní ìdí rẹ̀.

Ní 2016, ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, èmi àti òun nìkan ni a wà ní ẹ̀yìnkùlé tí a ń fọ ìkòkò. Mo ti di olùkọ́ nígbà náà. Ó ní, 'Tíṣà, ìwé ni iṣẹ́ tìrẹ. Ó yẹ kí ẹnì kan gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ.' Ó sọ fún mi pé ní ìparí ọdún 1967, ọkọ̀ kékeré kan ni òun wà nínú rẹ̀ tí ó ń ṣọ́ ẹnu odò ní agbègbè Bonny. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dá ọkọ̀ alájẹ̀ kan dúró. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì fi àwọ̀n bo àpò iyọ̀ àti pánlá mọ́lẹ̀. Àṣẹ tí ó wà nílẹ̀ ni pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ wọlé lọ bá àwọn ọ̀tá. Wọ́n pe àwọn ará ìdí ẹ̀rọ sókè pé kí wọ́n wá fi ọwọ́ kún iṣẹ́. Bàbá ní:

'Àpò iyọ̀ mẹ́fà ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé mẹ́ta nínú wọn jù sínú omi. Obìnrin náà kò sunkún, kò sì bú wa. Ó kàn ń wo iyọ̀ náà bí ó ti ń padà sínú òkun ni. Bí ó ti di àjẹ̀ rẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá mi ti í di tirẹ̀ mú.'

Mo ní, 'Bàbá, wọ́n pàṣẹ fún yín ni.'

Ó ní, 'Òótọ́ ni, wọ́n pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni iyọ̀ náà gbà kọjá. Ẹni tí ó pàṣẹ kò mọ bí ó ti wúwo tó.'

Ó da omi ìkòkò nù, ó sì wọlé lọ sùn. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú ní 2019.

Nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìwé yìí, ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba méjì tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1966, àti ìpakúpa tí a pa ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlà-Oòrùn ní ìhà Àríwá ní ọdún kan náà, Ọ̀gágun Ojukwu kéde ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 1967 pé Ìlà-Oòrùn ti di orílẹ̀-èdè Biafra. Ìjọba àpapọ̀ sé ọ̀nà òkun mọ́ wọn, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje. Ní ìparí oṣù náà, àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi, tí NNS Nigeria wà lára wọn, kó ọmọ-ogun lọ gba Bonny. Wọ́n gba Calabar ní oṣù kẹwàá, wọ́n sì gba Port Harcourt ní oṣù karùn-ún 1968. Láti ìgbà náà, Biafra kò ní èbúté kankan mọ́. Òru ni ọkọ̀ òfurufú àwọn ẹgbẹ́ aláàánú fi ń gbé oúnjẹ wọ Uli. Àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé ebi jẹ́ ohun ìjà ogun. Àwọn aláṣẹ Biafra náà sì kọ ọ̀nà orí ilẹ̀ tí a fi lọ̀ wọ́n. Níbi tí àwọn àgbà ti ń jiyàn, àwọn ọmọdé ni ó ń kú. Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí iye wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbà pé àwọn tí ebi àti àrùn pa pọ̀ ju àwọn tí ìbọn pa lọ, àti pé àpapọ̀ òkú ogun náà lè tó mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Bàbá kú, èmi ni ẹbí yàn láti kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí a óò kà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, torí pé èmi ni olùkọ́ Yorùbá. Mo kọ ọ́ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Mo kọ ọdún tí ó wọ iṣẹ́ àti ọdún tí ó fẹ̀yìn tì. Mo kọ pé ó jà fún ìṣọ̀kan Nàìjíríà. Mo fi òwe àti àfiwé ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo sì fi gbólóhùn yìí kádìí rẹ̀: 'Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, Bàbá kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.' Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Èmi nìkan ni mo mọ̀, bí mo ti ń kà á, pé gbólóhùn ìkẹyìn náà kì í ṣe òótọ́, àti pé Bàbá fúnra rẹ̀ kò ní gbà á bí ó bá wà níbẹ̀.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ní àròkọ kan kọ: 'Àgbà kan tí mo fẹ́ràn nínú ilé wa.' Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Igbo, ṣùgbọ́n tí a bí sáàrin wa, tí ó sì ń sọ Yorùbá bí ọmọ onílẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ni ó kọ nípa rẹ̀. Ó ní ìyá náà kì í jẹ́ kí gààrí tán nínú ilé. Bí ó bá ti ku díẹ̀ nínú àpò, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ títí wọn yóò fi ra òmíràn. Ó ní kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da oúnjẹ nù, nítorí pé ọmọ méjì ni ó sin nígbà ogun, kò sì sí ìbọn tí ó ba èyíkéyìí nínú wọn.

Mo mú bírò pupa lọ́wọ́, n kò lè fi máàkì sí i. Ilé méjì ni, òfin kan náà ni ó wà nínú wọn. Nínú ilé kan ni ẹni tí a fi oúnjẹ dù wà. Nínú ilé kejì ni ẹni tí ó bá wọn fi oúnjẹ du ènìyàn ti gbé. Ilé kejì yìí ni mo ti kọ ìwé pé a kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn ìdí tí ènìyàn fi lè dákẹ́ yẹ̀ wò, nítorí wọn kì í ṣe ìdí yẹpẹrẹ.

Ìdí kìn-ín-ní ni pé òkú kò lè wí tẹnu rẹ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, òṣìkà ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni èyí, ó sì yẹ kí ó máa dí wa lẹ́nu nígbàkigbà tí a bá fẹ́ fi àgbọ́sọ ba olóògbé jẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí olóògbé fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ.

Ìdí kejì ni pé àṣírí ni. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí wa lọ́wọ́, kò yẹ kí a tú u síta nígbà tí kò bá lè bi wá léèrè mọ́. Bí Bàbá bá ti ní kí n má sọ ọ́, ọ̀ràn náà ìbá ṣòro fún mi ju báyìí lọ, ó sì ṣeé ṣe kí n dákẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ni pé ó yẹ kí ẹnì kan gbọ́, àti pé ìwé ni iṣẹ́ mi. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ní kí a sin ọ̀rọ̀ náà mọ́ òun.

Ìdí kẹta ni pé ọmọ-iṣẹ́ lásán ni, àṣẹ ni ó sì tẹ̀lé. N kò kóyán èyí kéré. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó pèrò ibi, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí a fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń ṣe. Nígbà tí ó kan ìyìn, a kò sọ pé ìdí ẹ̀rọ lásán ni ó wà. A ní ó jà fún ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè. Bí ọwọ́ tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ bá tó láti gba ìpín nínú ògo ogun náà, ó tó láti gba ìpín nínú iyọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. A kò lè ka ènìyàn sí àgbà nígbà tí a bá ń pín ẹran, kí a wá kà á sí ọmọdé nígbà tí a bá ń pín gbèsè.

Ìdí kẹrin ni pé kò yẹ kí a máa tú egbò àtijọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé egbò náà ti jinná? Ní ọjọ́ tí ogun parí, ìjọba kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ rere ni, nítorí ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Síbẹ̀, ìyá tí ó ń ka gààrí inú àpò kò tíì jáde nínú ogun náà. Ìdákẹ́jẹ́ tiwa kò fún un ní ìsinmi. Àwa nìkan ni ó fún.

Ẹni tí ó bá tún rò pé àṣà wa ni ó pàṣẹ ìyìn nìkan, kí ó padà lọ fetí sí oríkì. Àwa olùkọ́ a máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ewì ìyìn ni oríkì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Nínú oríkì ìdílé àti ti àwọn ọba, a máa ń gbọ́ nípa ìjà tí ọmọ ìyá bá ara wọn jà, nípa ìkà tí ẹnì kan ṣe, nípa gbèsè, àti nípa àbùkù ara pàápàá. Ojú ọmọ ẹni tí a ń kì ni a ti ń sọ ọ́, orí ọmọ náà a sì máa wú. Kí ni ó fà á? Oríkì kì í ṣe ilé-ẹjọ́ tí ń dá ènìyàn lẹ́bi, kì í sì í ṣe aṣọ tí a fi ń bo ìhòhò. Pípè ni ó ń pe ènìyàn tọkàn-tara. Ẹni tí a bá pe ìdajì orúkọ rẹ̀, kò ní mọ̀ pé òun ni a ń pè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí. Nígbà tí mo yọ iyọ̀ náà kúrò nínú ìtàn Bàbá, mo rò pé ibi ni mo yọ, tí mo sì fi ire sílẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹ́kù: ààwẹ̀ tí kò nídìí, ìrẹsì tí kò nídìí, àti àgbàlagbà tí ń jẹ àjẹkù ọmọdé bí ọ̀kánjúwà. Àánú rẹ̀ di ohun tí a dá mọ́ ọn, bí àwọ̀ ara. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìwà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ni, fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, lórí ìpìlẹ̀ ohun tí kò lè gbàgbé. Ẹni tí ó bá fi àṣìṣe olóògbé pamọ́, ó ti fi ìrònúpìwàdà rẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú. Mo fẹ́ gbé Bàbá ga, mo sì gba iṣẹ́ tí ó ṣòro jù lọ tí ó ṣe láyé lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé ìrẹsì Ẹ̀pẹ́ san gbèsè iyọ̀ Bonny. Àwọn ọmọ tí ó jẹ ìrẹsì náà kọ́ ni ebi pa ní 1968. Ìdáríjì kò sí lọ́wọ́ mi láti fún un, nítorí kì í ṣe èmi ni ó ṣẹ̀. N kò sì sọ pé gbogbo òtítọ́ ni a gbọdọ̀ sọ ní gbogbo ibi. Òtítọ́ tí a fi ìkórìíra sọ a máa di irọ́ lẹ́nu ẹni tí ń sọ ọ́. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọ̀n ọ́ ni èyí: ṣé mo lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, bí ọmọ ti ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀? Bí mo bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ni ó ń sọ ọ́.

Bàbá mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, 'Ohun tí ó fà á nìyẹn.' Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 2020, tí ó pé àádọ́ta ọdún tí ogun náà parí, àwa ọmọ-ọmọ se ìrẹsì àti ẹ̀wà, mo sì sọ ìtàn iyọ̀ náà fún gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n kan bínú sí mi, kò sì tíì tán nínú rẹ̀ pátápátá. Mo ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi náà nígbà tí mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un, pé bàbá àgbà mi wà nínú àwọn ọkọ̀ tí ó sé ọ̀nà òkun. Ó wo ilẹ̀, ó ní, 'Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi, sà.' Ìyá àgbà rẹ̀ kò fi èsì kankan ránṣẹ́, n kò sì retí rẹ̀.

Mo ti tún gbólóhùn ìkẹyìn ìtàn ìgbésí ayé Bàbá kọ nínú ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ mi. Ó kà báyìí: 'Bàbá ṣe ibi kan tí ó mọ̀, kò gbàgbé rẹ̀, kò sì dá ẹlòmíràn lẹ́bi fún un.' Mo mọ̀ pé yóò dáhùn bí a bá fi orúkọ yìí pè é.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ àròkọ nípa àgbà tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má ṣe kó ìyìn jọ lé ara wọn bí ẹni ń to ẹrù. Ẹ lọ bá àgbà náà jókòó, ẹ bi í léèrè nígbà tí ó ṣì lè dáhùn. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí àwọn ọmọ náà yóò gbọ́ bọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dùn mọ́ wa. Ojúṣe wa sí àwọn tí ó ti lọ ni pé kí a má ṣe gbẹ́ wọn lére, kí a jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ ènìyàn lọ.